Ọdẹ́rìndé ní Ìlú Àwọn Afahọ́nríran

Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ sì pa ẹnu yín dé. Ta ló pòṣé yẹn? Mo ní ta ló pòṣé lẹ́yìn lọ́hùn-ún? Ẹ ò fẹ́ dárúkọ rẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ti jókòó lé ẹfọ̀n lẹ́yìn rí, tí mo sì ń fi ìrù rẹ̀ lé eṣinṣin, èmi tí iwin tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ mi tí mo ní kó lọ padà wá lọ́la, ẹ jókòó síwájú mi, ẹ ń pòṣé. Ẹ dúpẹ́ pé ọ̀rọ̀ òṣé wà nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ǹ bá ti bá tiyín lọ.

Ìtàn yìí kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́rìndé ni, ọdẹ kan tó gbé ní ìletò Òkè-Ata. Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ tètè ń bí tó o ní gbogbo agbègbè náà. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ kọ òkúta, á padà lọ bá òkúta náà jà. Bí òjò bá pa èlùbọ́ tó sá, á jáde síta, á máa bú ojú ọ̀run, àwọn aládùúgbò á sì máa bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí àrá gbọ́. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ dúró kí ẹ gbọ́ ohun tó bí i nínú lọ́jọ́ tí ìrìn-àjò yìí bẹ̀rẹ̀, nítorí tó bá jẹ́ èmi ni, ilé ni ǹ bá jó.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọdẹ́rìndé bí, obìnrin ni, Ìbídùn lorúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí Ìbídùn dàgbà tó ọmọ tí wọ́n ń fẹ́ sọ́nà, ilẹ̀ẹ́gbóná jà ní Òkè-Ata. Àrùn náà fi ẹ̀mí rẹ̀ sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó gba ojú rẹ̀ méjèèjì lọ. Àwọn tó ń fẹ́ ẹ sílé kò yọjú mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kí i láti òkèèrè, wọn ò sì dúró. Lọ́jọ́ kan, ó ń dá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó bọ́ sínú kòtò tí wọ́n ti ń wa amọ̀ ilé, eékún rẹ̀ bó, ó sì fa ara rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni Ọdẹ́rìndé ti oko ọdẹ dé pẹ̀lú ẹtu kan léjìká. Ó bá ọmọ rẹ̀ lójúde. Wọ́n ti so okùn mọ́ ọn níbàdí, wọ́n sì so ìdí okùn náà mọ́ òpó ilé. Ewúrẹ́ ló wà lára òpó kejì. Ìbídùn kò sunkún. Ó ń fi ọwọ́ tọ ara okùn náà lọ, ó ń wá ibi tí kókó rẹ̀ wà.

Ẹtu bọ́ sílẹ̀ léjìká Ọdẹ́rìndé. Ó fi àdá gé okùn, ó gbé èyí tó gé lọ́wọ́, ó di ilé Baálé Láníhùn tó jẹ́ olórí ìletò wọn. Ó bá àwọn àgbà lórí ìjókòó níbẹ̀.

"Baálé, ta ló so ọmọ mi mọ́lẹ̀?"

"Ọdẹ́rìndé, ṣé a kì í kí ara wa mọ́ ni?"

"Mo ní ta ló so ọmọ mi mọ́lẹ̀?"

"Èmi ni," Baálé dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ṣe ni lóore. "Ìfẹ́ ló mú mi ṣe é. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣé kó tún bọ́ sí kòtò kó kú ni? Ojú lọ̀rọ̀ wà, Ọdẹ́rìndé. Ẹni tí kò lójú, kí ló ń rìn kiri fún? Kí wọ́n máa bọ́ ọ, kí wọ́n máa wẹ̀ ẹ́, kó jókòó síbì kan."

"Lọ so ìyá rẹ mọ́lẹ̀!"

Àwọn àgbà ṣe háà, wọ́n fọwọ́ borí. Ẹnì kan dìde láti di Ọdẹ́rìndé lẹ́nu, ó rí àdá lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún jókòó. Baálé kò pariwo. Irú wọn kì í pariwo, ohun tó máa ń bí mi nínú sí wọn nìyẹn. Ó ní, "O bú mi, mo gbọ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ọjọ́ tí a ó bá jẹ iṣu tuntun, kí ọmọ rẹ̀ gbé ìkòkò, kó dá lọ sódò, kó pọnmi, kó dá padà wá sí ojúde mi níbí. Kí ẹnikẹ́ni má fà á lọ́wọ́, kó má sì mú ọ̀pá. Bó bá ṣe é, kò sẹ́ni tí yóò fi okùn kàn án mọ́ láyé. Bí kò bá lè ṣe é, okùn ni, ìwọ fúnra rẹ ni yóò sì so ó."

Ọdẹ́rìndé padà sílé. Ó rántí ihò kan lábẹ́ àpáta níbi tó máa ń gbà lọ sóko ọdẹ. Òkùnkùn biribiri ni inú ihò náà, àdán ibẹ̀ kò lóǹkà, wọ́n ń fò, ọ̀kan kò sì gbá èkejì rí. Ó ti máa ń gbọ́ pé àwọn àdán yẹn ní ìlú kan lẹ́yìn Igbó Ìdákẹ́rọ́rọ́, níbi tí àwọn àgbà wọn ń gbé. Ó dá a lójú pé oògùn kan wà tí wọ́n fi ń ríran nínú òkùnkùn. Ó ní bí wọ́n bá fún òun tẹ̀rọ̀tẹ̀rọ̀, òun á gbà á. Bí wọn ò bá fún òun, ìbọn òun á bá wọn sọ ọ́.

"Mò ń bá yín lọ, Bàbá," Ìbídùn wí.

"Igbó iwin ni. Ta ló ń mú ọmọbìnrin lọ síbẹ̀?"

"Ta ló fẹ́ lo oògùn náà, Bàbá? Ṣé ẹ̀yin ni àbí èmi?"

Ọdẹ́rìndé dìde. Ó kó ẹ̀tù sápò, ó gbé ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ní kó di aṣọ òun mú lẹ́yìn.

Etí mẹ́ta kò yẹ orí, ṣùgbọ́n iwin tó ń ṣọ́ ẹnu Igbó Ìdákẹ́rọ́rọ́, etí ló bo gbogbo ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Kò lójú, kò nímú. Bí kòkòrò bá ń jẹ ewé lódì kejì igbó, ó ń gbọ́ ọ. Ọdẹ́rìndé ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kọjá, iwin náà na ọwọ́, ó gbá a mú lọ́rùn, ó ní, "Mò ń gbọ́ àyà rẹ tó ń lù láti ọ̀nà oko rẹ. Kí ló ń bí ọ nínú tó báyìí?" Háà! Ó kúkú bèèrè. Ọdẹ́rìndé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ń bí i nínú. Ó bú Baálé, ó bú àwọn àgbà, ó bú àwọn àna tó sá, ó bú ẹni tó wa kòtò amọ̀ náà, ó wá kan iwin fúnra rẹ̀: "Ìwọ elétí jágajàga! Ṣé ìyá ló bí ọ ni, àbí o hù bí olú lára igi jíjẹrà?" Ariwo náà wọ gbogbo etí lẹ́ẹ̀kan náà. Iwin ń fi ọwọ́ méjì di etí, ọwọ́ kò kárí. Ó ju Ọdẹ́rìndé sílẹ̀, ó wọ igbó lọ, ó ń sunkún.

Ọdẹ́rìndé gbọn eruku ara rẹ̀. Ó ní, "Ìbídùn, o rí i? Wọ́n á ní ìbínú kò ṣe nǹkan fún ni." Ọmọ rẹ̀ ń fi ìka ro etí. Ariwo náà ti di òun náà létí.

Ọ̀nà tó lọ sí ìlú àdán gba abẹ́ òkè kan kọjá, inú ihò òkété sì ni. Ògùṣọ̀ tí Ọdẹ́rìndé tàn kú bí wọ́n ṣe wọlé. Ó ń táràrà lọ nínú òkùnkùn, ó ń fi orí gbá àjà, ó ń bú àjà. Lójijì, nǹkan kan gbá a lójú gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ láti iwájú orí títí dé àgbọ̀n.

"Ta ló ń fi ìgbálẹ̀ gbá mi lójú?"

"Irun ẹnu mi ni, kì í ṣe ìgbálẹ̀," ohùn arúgbó kan dáhùn. Ìyá òkété tó ni ihò ni. Afirunríran ni wọ́n ń pè é. "Ilé mi lo wọ̀ láìkágò. Dúró kí n wò ọ́."

"Wò mí bí ti báwo? Ò ń gbá àgbàlagbà lójú, o ní ò ń wò mí?"

"Àpá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbọ̀n rẹ. Àwẹ̀ lo gbà dé ibí. Eyín rẹ ń lu ara wọn, kì í sì í ṣe òtútù." Irun náà tọ apá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ dé ọwọ́, ó dúró níbẹ̀. "Mo mọ ọwọ́ yìí. Ọwọ́ tó gbé iná ata sẹ́nu ihò mi nìyí, tó ń fẹ́ èéfín wọlé títí àwọn ọmọ mi fi tú jáde tọ kùmọ̀ rẹ. O rò pé inú tìrẹ nìkan ló ń bí láyé? Ẹ̀yin náà lẹ tún máa ń jókòó tí ẹmu, tí ẹ ó ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmọ wo lẹ fi sílẹ̀ fún mi tí n ó mu ọmú rẹ̀?"

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Ọdẹ́rìndé, kò tíì sí ẹni tó bínú sí i tí kò rí èsì fún. Ọjọ́ náà, kò rí. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí kò pariwo, bẹ́ẹ̀ ni ìbínú rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ.

Ìyá òkété ní, "Ọ̀nà méjì ló wà níwájú. Ọ̀kan lọ sí ìlú àwọn àdán, èkejì lọ sí ẹnu òjòlá. Èmi ò bá ọdẹ ṣọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá já àlọ́ mi, n ó fi ọ̀nà hàn án. Ọba kan wà. Yàrá tí kò ní fèrèsé ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni yóò kú sí. Kò rí oòrùn rí, ọwọ́ rẹ̀ ò kan omi rí. Síbẹ̀, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú tí kò mọ̀. Ta ni?"

"Ọ̀lẹ ni!" Ọdẹ́rìndé kígbe. "Kí wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè!"

"Ọpọlọ ni," Ìbídùn wí láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Inú agbárí ló ń gbé."

Irun ẹnu ìyá òkété fi Ọdẹ́rìndé sílẹ̀, ó nà kọjá rẹ̀, ó kan ojú ọmọ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, Ìyá. Mo ṣì ń rí bàbá mi lójú àlá. Mo ní, ojú ti lọ, ta ló wá ń ríran nínú mi?"

Arúgbó náà mí kanlẹ̀. "O gbọ́n. Ìránṣẹ́ lojú, ìránṣẹ́ letí, ìránṣẹ́ ni irun ẹnu mi yìí. Kò sí èyí tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ wọlé lọ bá ọba nínú wọn. Ìlẹ̀kùn ni gbogbo wọn ń kàn, ọba á sì ti ara kíkàn náà mọ ohun tó wà níta. Irun kọ̀ọ̀kan lẹ́nu mi ló ní ìjókòó tirẹ̀ láàfin, ọba kì í ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Bí ìránṣẹ́ kan bá kú ńkọ́? Ọba kì í jẹ́ kí ìjókòó rẹ̀ ṣófo, á fi í fún àwọn tó kù. Etí rẹ ti ń sún wọ ìjókòó tí ojú rẹ fi sílẹ̀, ọmọ mi, ọwọ́ rẹ náà sì ń sún wọ ọ́. Fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá ọ̀nà. Èyí tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ kàn ọ́ ni kí o gbà." Ó tún yí irun padà sọ́dọ̀ ọdẹ. "Ìwọ, ariwo ń bẹ láàfin tìrẹ. Wọ́n ń kànlẹ̀kùn títí, ọba ò gbọ́."

Nígbà tí wọ́n dé oríta, Ọdẹ́rìndé fẹ́ gba ọ̀nà tó gbòòrò. Ìbídùn fà á láṣọ sí èkejì. Bí wọ́n ṣe ń yà, wọ́n gbọ́ tí nǹkan ńlá kan yí ara padà nínú ọ̀nà gbòòrò náà, ó sì mí.

Báyìí ni wọ́n dé ìlú àwọn àdán. Ihò kan ni, àjà rẹ̀ ga ju igi àràbà lọ, kò sí iná, kò sí àtùpà, àfi ìmọ́lẹ̀ bíńtín tó ń jò wọlé láti àlàfo òkè. Ènìyàn ni ará ìlú náà láti orí dé àyà, ìyẹ́ awọ ló wà lápá wọn, àjà ni wọ́n ti fi ẹsẹ̀ rọ̀ sí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ gbogbo. Ọdẹ́rìndé wọlé, ó tẹríba, ó kí wọn bí ọmọlúwàbí: "Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ìlú!"

Òṣé ni wọ́n fi dá a lóhùn. Gbogbo ìlú, láti orí òpó dé ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n ń fi ahọ́n ta òkè ẹnu, tó, tó, tó. Ó tún kí wọn. Òṣé náà tún pọ̀ sí i. Ọkùnrin kan fò kọjá létí rẹ̀, ó pòṣé. Ìyàwó ilé kan tó gbé ọmọ mọ́yà, ó pòṣé. Ọmọ kékeré kan, tí kò tíì ju ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú lọ, rọ̀ wá síwájú rẹ̀ gan-an, ó kọjú sí i, ó pòṣé léraléra bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìwọ̀sí wo ló tún kù? Ọkùnrin tí gbogbo ọdẹ Òkè-Ata ń dọ̀bálẹ̀ kí! Àwọn kan so ọmọ rẹ̀ mọ́ òpó, àwọn kan tún ń pòṣé sí i nílẹ̀ àjèjì. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó kígbe pé, "Mo kí yín, ẹ ń pòṣé sí mi! Ọmọ àná ń pòṣé sí mi!" Ó gbé ìbọn sókè, ó yìn ín sí àjà.

Ìró náà kún ihò, kò rí ibi jáde, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Gbogbo ìlú fọ́jú lẹ́sẹ̀ kan náà. Àwọn tó wà lófuurufú ń kọlu ara wọn, wọ́n ń forí sọ òpó, wọ́n ń já bọ́ bí èso. Ìyàwó ilé tó gbé ọmọ mọ́yà kọlu ògiri, ọmọ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ láti òkè fíofío. Kò sẹ́ni tó rí i. Ìbídùn nìkan ló gbọ́ igbe tín-ín-rín kan tó ń já bọ̀ láàárín ariwo, tó ń nípọn bó ṣe ń súnmọ́lẹ̀. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó nà án síbi tí igbe náà ń lọ, ọmọ náà já sínú rẹ̀ gbì.

Nígbà tí ihò dákẹ́, wọ́n di Ọdẹ́rìndé mú. Olórí wọn sọ̀kalẹ̀, arúgbó obìnrin kan tó ń jẹ́ Àgbékọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń kán lórí rẹ̀.

"Kí la fi ṣe ọ́?"

"Ẹ pòṣé sí mi!"

"Òṣé?" Arúgbó náà fi ìyẹ́ nu ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀. "À ń wò ọ́ ni, ìwọ ẹranko! Ahọ́n la fi ń ju ìró sọ́nà. Ohun tó bá wà lọ́nà á dá a padà. Bó bá tètè dé, nǹkan súnmọ́. Bó bá pẹ́, ó jìnnà. Ewé ní bó ṣe ń dá a padà, òkúta ní tirẹ̀, ara ènìyàn ní tirẹ̀. Ọmọ tí ò ń bú yẹn, kò rí irú rẹ rí. Ojú rẹ ló ń wò, nítorí pé o jọ ọ́ lójú. Ìwọ sì yọ ojú gbogbo wa."

Ọdẹ́rìndé gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìtìjú àti ìbínú, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ó ní, "Oògùn tí ẹ fi ń ríran ni mo bá wá. Ẹ fún ọmọ mi, kí a máa lọ."

"Oògùn! A ń ké, a sì ń gbọ́. Bí a bá ń ké, a ó pa etí dé kí ohùn ara wa má baà di wá. Bí a bá ké tán, a ó ṣí i. Ìwọ tó ti ń ké láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọ, ìgbà wo lo ṣí i rí? Tìtorí ọmọ rẹ nìkan la ò fi jù ọ́ sísàlẹ̀ ọ̀gbun. Ó gba ọmọ wa là, àwa náà á kọ́ ọ. Ìwọ, lọ jókòó sínú kòrọ̀ yẹn. Bí o bá sọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó tó mọ̀ ọ́n, ẹ ó jọ padà síbi tí ẹ ti wá lọ́wọ́ òfo."

Mo ti bá ẹkùn wọ̀yá ìjà rí, mo ti sùn lórí ọ̀nà ìjàlọ, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ gba irú ìyà tí Ọdẹ́rìndé jẹ nínú kòrọ̀ yẹn. Ó ń gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń forí gbá òpó, kò lè bú òpó. Ó ń gbọ́ tó ń ṣubú, tó ń ké, tó ń fi ìkúùkù lu òkúta pé òun ò ṣe mọ́, tí ìyá ọmọ tó gbà là ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un ṣe. Ó ń bu ìka ara rẹ̀ jẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé bí ènìyàn bá dákẹ́, ìbínú rẹ̀ á lọ. Ti Ọdẹ́rìndé kò lọ. Ó jókòó tì í níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnu rẹ̀ ti wà ní pípadé fún ìgbà pípẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nǹkan. Ó ń dá ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mọ̀ láàárín gbogbo ìró ihò náà. Ó ń mọ ìgbà tí ẹ̀rù ń bà á àti ìgbà tí kò bà á mọ́. Òṣé rẹ̀, tó kọ́kọ́ rí wúruwùru, ń mọ́ sí i lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ òṣé náà tó ń bọ̀ láàárín àwọn òpó, ó ń yà síhìn-ín, ó ń yà sọ́hùn-ún, kò kọlu ọ̀kankan. Ó dúró síwájú rẹ̀. Tó, tó.

"Bàbá, ẹ ti rù," Ìbídùn wí. "Ẹ sì ká eékún sókè bí ẹni tí òtútù ń mú."

Ọdẹ́rìndé sunkún, mo ń sọ ọ́ fún yín láìtijú fún un.

Ó ku ọ̀la kí ìletò jẹ iṣu tuntun nígbà tí bàbá àti ọmọ padà wọ Òkè-Ata. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ìletò tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà odò. Baálé wà lórí ìjókòó rẹ̀ lójúde. Ìbídùn gbé ìkòkò karí, ó kọjú sọ́nà, ó pòṣé: tó, tó.

Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. "Ó ń pòṣé!" "Sí àwọn àgbà?" "Háà, Ìbídùn, ojú ló fọ́ ni àbí ọpọlọ?" Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́ ìyanu, àwọn ọmọdé ń hó yèè, àwọn ọkùnrin ń jágbe mọ́ ọn. Bí ariwo ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òṣé tirẹ̀ ń rì sínú rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró. Ó yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó pòṣé, kò gbọ́ nǹkan kan. Baálé rọra rẹ́rìn-ín músẹ́.

Gbogbo ohun tó ń bí Ọdẹ́rìndé nínú láti ọjọ́ tó ti wà láyé dé ọ̀fun rẹ̀. Ó la ẹnu láti kígbe mọ́ wọn pé kí wọ́n dákẹ́. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé igbe òun á kún tiwọn ni, òun náà á sì wà lára àwọn tó ń fọ́ ọ lójú. Ó pa ẹnu dé.

Ó rìn bọ́ sáàárín ọ̀nà, ó ṣí fìlà, ó na gbogbo ara rẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn obìnrin, fún àwọn ọmọ tó ń hó, fún ọ̀dọ́ tó kọ́ níṣẹ́ ọdẹ. Nígbà tí àwọn tó wà lápá ọ̀tún rí i, ó dìde, ó tún dọ̀bálẹ̀ fún àwọn tó wà lápá òsì. Ta ló ti rí i kí irú àgbà bẹ́ẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé? Ta ló ti rí i kí Ọdẹ́rìndé bẹ ẹnikẹ́ni? Ẹ̀rù bà wọ́n. Ìyá kan di ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Ohùn wọn ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí a fi ń gbọ́ ìró ewé. Ọdẹ́rìndé yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sì wà nínú erùpẹ̀ níbẹ̀.

Ìbídùn pòṣé. Ó rìn lọ. Wọ́n ti gbé odó kan sójú ọ̀nà, mi ò ní sọ ẹni tó ní kí wọ́n gbé e; ó dé ibẹ̀, ó dúró, ó yà á sílẹ̀, ó kọjá. Ó wọ odò, ó pọn omi, ó padà. Ó kù díẹ̀ kó dé ojúde Baálé nígbà tí Baálé dìde, tó wá dúró sójú ọ̀nà fúnra rẹ̀.

Tó, tó. Ìbídùn dúró.

"Ta lò ń pòṣé sí?"

"Mi ò pòṣé sí yín, Bàbá. Mò ń wò yín ni. Ẹ dúró sójú ọ̀nà."

"Ojú mi ni ọmọ yìí ti ń rí mi fín! Gbé omi yẹn sílẹ̀, kúnlẹ̀, kí o sì búra níbí pé o ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ nílùú yìí, láéláé!"

Àwọn àgbà wo ilẹ̀. Ìbídùn kò gbé omi sílẹ̀, kò sì kúnlẹ̀. Ó ní, "Ṣé kí n di ojú mi ni, Bàbá?"

Ọdẹ́rìndé dìde nínú erùpẹ̀. Kò gbọn ara. Ó rìn títí tó fi dé ẹ̀gbẹ́ ọmọ rẹ̀, kò mú àdá, kò sì gbé ohùn sókè. Àwọn tó wà nítòsí nìkan ló gbọ́ ọ.

"Baálé, inú ń bí mi. Mo ti dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo ìletò lónìí, ó ku ẹ̀yin nìkan, mi ò sì ní dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ẹ yà lọ́nà kí ọmọ mi kọjá."

Baálé wo ojú rẹ̀. Ó wo àwọn àgbà lẹ́yìn ara rẹ̀, kò sí ẹni tó gbé ojú sókè bá tirẹ̀ pàdé. Ó yà.

Ìbídùn pòṣé lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ohun tó dá a padà mọ́. Ó kọjá.

Ibi tí mo bá wọn dé nìyẹn. Ẹ máa lọ sílé yín. Èmi ò tíì dárí ji Baálé Láníhùn.